Igbá Òmìnira Bàbá Àgbà

Ìró ọ̀bẹ lára igbá ló máa ń jí mi lọ́dún náà. Bàbá Àgbà á ti kírun àsùbáà tán, á ti jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, á sì ti gbé igbá lé itan. Kẹrẹ, kẹrẹ, kẹrẹ, á dákẹ́, á fẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ọkàn mi á balẹ̀, màá sì tún fa aṣọ borí. Rábì tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan náà kì í jẹ́ kí n gbádùn oorun yẹn pẹ́. Á fi ẹsẹ̀ tì mí, á ní, “Mọ́ríà, dìde, igbá ti wà nínú omi.” Iṣẹ́ tiwa nìyẹn kí a tó lọ sílé-ìwé. Igbá tí wọ́n bá ti là sí méjì, inú omi ni a máa ń rì í sí títí yóò fi rọ̀, lẹ́yìn náà ni èmi àti Rábì á máa fi ṣíbí àtijọ́ ha inú rẹ̀ mọ́ tónítóní kí Bàbá Àgbà tó fín ẹ̀yìn rẹ̀. Inú igbá tútù korò púpọ̀. Bí o ti wù kí o fọ ọwọ́ tó, ẹ̀kọ tí o bá fi ọwọ́ náà jẹ yóò korò díẹ̀. Ọmọ kíláàsì wa kan máa ń ní òun mọ̀ pé àwa méjèèjì ni a kọ́kọ́ bu omi mu nínú kọ́ọ̀pù tó bá korò létí. Mo máa ń bínú nígbà náà. Lónìí, bí mo bá rántí, ẹnu mi á korò díẹ̀, inú mi á sì dùn.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí Rábì jẹ́. Ọmọ ọmọ Bàbá Àgbà ni, bí èmi náà ti jẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú kí ó tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ìyá rẹ̀ sì ti fẹ́ ọkọ mìíràn ní Ìrẹsà, níbi tí wọ́n ti ń dáko lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà, ilé wa ló dàgbà sí. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Kíláàsì kan náà la wà, aṣọ kan náà ni ìyá mi, tí í ṣe aránṣọ, ń rán fún wa, bàbá mi ni àwa méjèèjì sì ń pè ní Bàámi. Akọ̀wé ni Bàámi ní káńsù. Ẹni tó fẹ́ràn kí ṣẹ́ẹ̀tì òun funfun ni, tó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó bá dùn létí.

Nínú yàrá Bàbá Àgbà, igbá kan wà tí kì í ṣe títà. Aṣọ funfun ni wọ́n fi máa ń bò ó, orí ògiri ni ó sì máa ń wà láti ọjọ́ òmìnira kan dé òmíràn. Bí ọjọ́ náà bá pé, tí a bá ti ibi ìwọ́de àwọn ọmọ ilé-ìwé dé pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀, Bàbá Àgbà á gbé e sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, á da èkuru sínú rẹ̀, á bu ata díndín tó pupa lé e lórí, gbogbo ọmọ agbo ilé á sì yí i ká. Kò sí àwo, kò sí pé ti ẹni kan yàtọ̀. Yíyí etí igbá náà ká ni Bàbá Àgbà fín àwọn lẹ́tà ńláńlá kan sí: TI GBOGBO WA NI. Ohun tó sì pa mí lẹ́rìn-ín títí mo fi dàgbà ni pé kò mọ lẹ́tà náà kà. Kéwú ni ó mọ̀, ó lè ka Kùránì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ṣùgbọ́n lẹ́tà ilé-ìwé, bí ẹni ń ya alángbá ni ó ṣe ń fín in.

Ìtàn igbá náà kò yí padà rí lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n sọ àsíá àwọn òyìnbó kalẹ̀, tíṣà àgbà kan ní àdúgbò wa pe gbogbo ènìyàn jọ sábẹ́ igi, àti onímọ̀le, àti onígbàgbọ́, àti àwọn olórìṣà. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ọ̀nà, omi, kò sí èyí tó jẹ́ ti àjèjì mọ́. Ó ní kí Bàbá Àgbà fín in sára igbá, ó sì fi ẹfun ya lẹ́tà rẹ̀ fún un. “Mo bi í pé kí ni ó kọ,” Bàbá Àgbà á wí, “ó ní, ‘Ti gbogbo wa ni.’ Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, mo mú ọmọkùnrin kékeré kan lọ bá a ní ilé-ìwé. Tíṣà ní, ‘Ọmọ ta ni?’ Mo ní, ‘Ṣebí ẹ ti kọ ọ́ fún mi. Ti gbogbo wa ni.’ Tíṣà rẹ́rìn-ín títí, ó kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀.” Àwa náà á rẹ́rìn-ín, a ó sì máa jẹ èkuru lọ. Kò sí ẹni tó béèrè nínú wa pé ta ni ọmọkùnrin náà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí bọ́ sí àsìkò Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba ológun gbé dé, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, tí àwọn àgbà sì ń fi orúkọ náà bú ara wọn. Ní àsìkò yẹn ni a ní alága káńsù kan tí ẹnu rẹ̀ dùn. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Á dúró ní pápá, á ká apá agbádá rẹ̀ sókè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òmìnira bí ẹni ń ròyìn ìyàwó tuntun. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa náà ni ó ń lò, kò pààrọ̀ ìkankan. Ṣùgbọ́n ó rọra ń tú ohun tó wà nínú wọn jáde, ó sì ń rọ tirẹ̀ sí i. Ó ní ṣé a mọ ohun tí àwọn baba wa ń jà fún nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ òmìnira? Kí ọmọ ènìyàn dá dúró ni. Ẹni tó bá ń wojú ìjọba, ẹni tó ń wojú ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń wojú ará ilé, ó ní onítọ̀hún ò tíì gba òmìnira. “Òmìnira ni kí kálukú gbọ́ ti ara rẹ̀!” Gbogbo pápá á sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìjì ká òrùlé kíláàsì wa lọ, tí àwọn òbí lọ bá a, ó bi wọ́n pé ṣé ọmọ òmìnira ni wọ́n tàbí atọrọjẹ. Ojú tì wọ́n, wọ́n padà sílé. Mo ti ronú sí i títí, ìyẹn ni ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Àwọn tí wọ́n lọ béèrè ohun tó jẹ́ tiwọn ni ojú tì.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kó tó wọ ìlú. Onígbàjámọ̀ ń sọ ọ́ bó ṣe ń fá orí, obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì fi ń lé àwọn tó fẹ́ rà á láwìn, tíṣà wa sì ń mú wa kà á ní àárọ̀ bí a bá tò. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n kà jù. Mo lè ká apá aṣọ ilé-ìwé mi sókè bí ẹni ká agbádá, kí n na ìka, kí n sì rọ ohùn mi sílẹ̀ bíi ti Alága. Bí àlejò bá wá, Bàámi á pè mí kí n ṣe é, á máa wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bàbá Àgbà nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Á ní, “Ó dáa, ó tó, ọmọ mi,” á sì padà sídìí igbá rẹ̀.

Ní ọjọ́ òmìnira ọdún náà, èkuru kò pọ̀, ẹja gbígbẹ kan ṣoṣo ló sì wà lórí ata. Ọwọ́ èmi àti Rábì pàdé lórí rẹ̀. Rábì ní kí a pín in. Mo ti ìwọ́de dé pẹ̀lú ìgbéraga, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi ní pápá níṣojú Alága fúnra rẹ̀, mo sì wo ojú Rábì, mo ní, “Òmìnira ni kí kálukú gbọ́ ti ara rẹ̀. Lọ jẹ ti bàbá rẹ.” Mo mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ti kú. Mo fa igbá náà sọ́dọ̀ mi, òun náà fà á, a jọ ń fà á, ó sì dún kà! Ó là láti etí dé ìsàlẹ̀, láàárín GBOGBO àti WA. Ata ń ro sílẹ̀. Bàbá Àgbà wá, ó gbé igbá náà, ó nù ún, ó fi aṣọ funfun rẹ̀ bò ó, ó sì gbé e padà sórí ògiri bẹ́ẹ̀. Kò nà wá. Ì bá tilẹ̀ nà wá.

Bàámi ni kò dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó ní ohun tí òun ti ń rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn, pé àsìkò ti yí padà, pé ilé kan kò lè máa gbé ẹrù gbogbo ayé. Ó ní kí Rábì parí táàmù náà, kí ó sì lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìrẹsà. Ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, iṣẹ́ oko kì í pa ènìyàn, ìlú náà kò sì ní ilé-ìwé ńlá tí èèyàn yóò máa náwó sí. Ohùn Alága gan-an ni ó fi sọ ọ́. Rábì kò sunkún. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ha igbá kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń ha èyí tó kàn mí mọ́ tirẹ̀, bí ẹni pé bí ó bá ṣiṣẹ́ tó, wọ́n á gbàgbé pé ó yẹ kí ó lọ. Mo rí i. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí èkuru kò jẹ́ kí n lè wojú rẹ̀.

Táàmù ku ọ̀sẹ̀ méjì kó parí nígbà tí Bàámi gbé ìwé kan wá sílé ní òwúrọ̀ Sátidé. Gbogbo wa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Àgbà wà lórí àpótí, Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà, èmi àti Rábì wà nídìí ọpọ́n omi. Bàámi dọ̀bálẹ̀, ó dìde.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Alága ní kí n kí yín dáadáa. Igbá mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́. Àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n ní ẹ̀yin tí ẹ fín igbá òmìnira àkọ́kọ́ náà ló yẹ kí ẹ fín èyí.”

“Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mọ́ríà, gba ìwé yẹn, kà á fún mi.”

Mo fi ọwọ́ tútù gbà á. “Òmìnira ni kí kálukú gbọ́ ti ara rẹ̀.”

Bàbá Àgbà gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. “Ta ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Alága ni, Bàbá. Wọ́n ní ohun tí àwọn tó gba òmìnira fún wa ní lọ́kàn nìyẹn.”

“Mo wà níbẹ̀, Lásísì. Èmi ni mo fín in.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ayé ti yí padà.”

“Ayé lè yí padà. Bó bá ní èrò tirẹ̀, kó sọ ọ́ ní orúkọ ara rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọwọ́ mi ló fẹ́ yá? Ó fẹ́ kí ọwọ́ kan náà fín méjèèjì, kí àwọn èèyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.”

Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í nu òógùn ojú. Ó ní ọ̀gá òun ni Alága, ó ní kí ni òun fẹ́ lọ sọ fún un. Bàbá Àgbà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

“Ó dáa. Màá fín in nítorí tìẹ. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé Rábì ló máa ha inú wọn. Kà á sí i létí kó tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì túmọ̀ rẹ̀ fún un, kó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bó o bá ti túmọ̀ rẹ̀ fún un tán, màá mú ọ̀bẹ.”

Rábì dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Bàámi. “Mò ń gbọ́, Bàámi,” ó wí.

Bàámi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. “Òmìnira,” ó wí, ó sì dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, “Rábì, òmìnira ni kí...” Ohùn Alága kò wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láìsí pápá, láìsí àtẹ́wọ́, níwájú ọmọ kan ṣoṣo tó kúnlẹ̀.

Ìyá Àgbà ni kò lè mú un mọ́ra. Ẹ̀wà dà nù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Kà á, Lásísì! Kà á sí ọmọ ọmọ mi létí! Nígbà tí bàbá tó bí ọ lọ́mọ kú, ta ló gbọ́ tìẹ? Ta ló fà ọ́ lọ́wọ́ lọ sílé-ìwé tí tíṣà ní ọmọ ta ni?”

“Sààrátù!” N kò gbọ́ kí Bàbá Àgbà pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì gbọ́ kí ó pariwo rí. “Ta ló ní kó o kà á sí i lọ́rùn? Ọmọ mi ni. Ṣé mo mú un kí n lè máa rán an létí ni?”

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Ọmọ àbúrò Bàbá Àgbà ni Bàámi. Òun ni ọmọkùnrin inú ìtàn tí a ń gbọ́ lọ́dọọdún tí a fi ń rẹ́rìn-ín, òun náà sì máa ń jókòó níbẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Rábì, tí ọmọ bíbí inú Bàbá Àgbà bí, ló kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ yẹn. Bàámi ká ìwé náà, ó fi í sápò, ó sì jáde láìdé fìlà. Ìyá Àgbà ń sunkún, ó ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀, Bàbá Àgbà sì lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá a ṣà á.

Ó ti ń lọ sí àsìkò àlàásàrì kí Bàámi tó dé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Bàbá Àgbà pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó ní, “Mo ti dá ìwé wọn padà.” Bàbá Àgbà ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Lẹ́yìn náà ni Bàámi wo Rábì, ó ní, “Aṣọ ilé-ìwé rẹ yẹn ti ń fún ọ. Lọ sọ fún ìyá Mọ́ríà kó wọ̀n ọ́ fún ti táàmù tó ń bọ̀.” Eré ni Rábì fi wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìró ọ̀bẹ kò jí wa. Bàbá Àgbà gbé igbá tó là náà sọ̀kalẹ̀, ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó là, ó ní àwa méjèèjì la máa gán an, bí wọ́n ti ń fi okùn rán igbá tó bá fọ́ ní Ọ̀yọ́. Ọwọ́ Rábì wà níta igbá, tèmi wà nínú. Òun á ki okùn wọlé, èmi á gbà á, màá kì í jáde padà. Ẹni kan ṣoṣo kò lè ṣe é dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé kí ó má bínú. Ó ní kí n fa okùn kó le.

Àwọn ilé mìíràn fín igbá mẹ́wàá ti Alága, wọ́n fín in dáadáa pẹ̀lú. Wọ́n fi ta àwọn àlejò lọ́rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dúró sẹ́nu àwọn ènìyàn. Mo ṣì ń gbọ́ ọ títí di òní, lẹ́nu àwọn tí kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, tí wọ́n tiẹ̀ rò pé àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní ti Bàámi, kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n gbé e kúrò ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì rán an lọ sí ọ́fíìsì kékeré kan. Ìrẹsà ni. Ìrẹsà tó fẹ́ rán Rábì lọ! Nígbà tó ka lẹ́tà náà tán, òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ògbómọ̀ṣọ́ ni a kó lọ, kí òun lè máa ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kí èmi àti Rábì sì lè rí ilé-ìwé gírámà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń yin Bàbá Àgbà nítorí ọ̀rọ̀ náà, mo sì ń yìn ín pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dàgbà sí i, Bàámi ni mo túbọ̀ ń dúpẹ́ fún. Bàbá Àgbà kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ rí. Bàámi gbà á gbọ́, ó dùn mọ́ ọn, ó lè mú un dé ipò, ó sì gbé e padà fún ẹni tó ni ín.

Rábì di agbẹ̀bí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bàbá Àgbà sì ní kí igbá náà wà. Lọ́jọ́ òmìnira tó kọjá, gbogbo ilé pé síbẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà ti ń parẹ́ nítorí ọwọ́ tó ti fà á kọjá, ṣùgbọ́n okùn tí a fi gán an ṣì le. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ Rábì fi ìka tọ ojú ibi tí a gán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó béèrè pé ta ló fọ́ ọ.

Mo ní, “Èmi ni.”

Rábì kò gbójú sókè níbi tó ti ń bu ata. “Má dá a lóhùn,” ó wí fún ọmọ náà. “Ti gbogbo wa ni.” Ó mú ẹja tó wà lókè, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó sì na ọ̀kan sí mi.